Ọkọ̀ Pẹ́ńpẹ́ Pupa Tí Mo Fi Wọn Gbogbo Ọkọ̀ Yòókù

Dókítà tẹ orúnkún òsì mi, mo pariwo. Ó ní, "Bàbá, irú jíà wo ni ọkọ̀ yín ń lò?"

Mo ní jíà ọlọ́wọ́ ni, èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ òsì tẹ kilọ́ọ̀ṣì kó tó lè yí i.

Ó mi orí. "Ẹ lọ wá ọtọmátíìkì. Bí ẹ bá ń tẹ kilọ́ọ̀ṣì yẹn nìṣó, ọ̀pá lẹ máa fi rìn wá síbí."

Mo délé wa ní Ailegun, l'Èjìgbò, mo ròyìn fún ìyàwó mi. Ìyá Fúnmi kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Ọpẹ́ ni f'Ọlọ́run! Nǹkan pupa yẹn á wá kúrò níwájú ilé mi báyìí. Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ máa tà á ni, àbí kí n bá yín tà á?"

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ kan sílẹ̀, n kò sì rí ẹni tí mo lè fi í sílẹ̀ fún. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré fi lè mú àgbàlagbà máa mí kanlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò lẹ sì máa ń bi mí: "Bàbá, ṣé iṣẹ́ náà ni kéèyàn máa wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kiri, kó wá máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn?"

Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tó ń múni làágùn ni.

Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ṣe é. Ilé náà ti kógbá sílé. Bí mo ṣe débẹ̀ kò ní ìtàn: wọ́n ń wá ẹni tó mọ Yorùbá kọ, tó sì ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Ní ti owó oṣù, ẹ má bi mí. A jẹun, a sì sanwó ilé.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni Adéwọlé, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Wọlé. Ọmọ Òṣogbo ni. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé ní Òṣòdì, nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ pupa ni, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé; irú èyí tí kò ní búùtù gígùn, tó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí. Bí ẹ bá rí i níbi tó dúró sí, ẹ ó ní ọkọ̀ tí ìyá ọmọ fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé ni. Àmọ́ àwọn tó ṣe é ti ki ẹ́ńjìnnì tó ju ara rẹ̀ lọ sínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tó bá bá a dé kọ́nà kan á yanu.

Ọ̀gá Wọlé le. Oṣù mélòó kan ni mo lò lẹ́yìn ọkọ̀ kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó wá ní kí n kọ ìròyìn àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà dára gan-an. Ó ka ibẹ̀, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ̀bà náà dára gan-an," ó ní. "Ṣé ẹ̀bà lò ń kọ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dára báwo? Fún ta ni? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lọ bi ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, kó o sì kọ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde. Má bá a tún un ṣe."

Bó ṣe fa ìwé náà ya nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn bó ṣe jáde, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀.

Ó ní òfin kan tí n kò bá pàdé níbi iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tuntun fún wa láti dán wò, a ó wà á láti Òṣòdì gba Ìsọlọ̀, a ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Aswani tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìríkà, ó di Èjìgbò. Bí a bá sì ti padà dé, a kò gbọ́dọ̀ mu omi, a kò gbọ́dọ̀ jókòó. Inú ọkọ̀ pupa ni a ó kó sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ó tún tọ ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn náà la tó lè kọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá Wọlé ní ara máa ń yára gbàgbé. "Tó o bá fi mu omi pẹ́nrẹ́n," ó máa ń sọ, "irọ́ lo máa kọ."

Ọjọ́ Àìkú la máa ń jáde, nígbà tí àwọn èèyàn bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí títì sì ṣófo. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ṣeé dán wò, ọjọ́ ọjà Aswani ni. Ẹsẹ̀ èèyàn á ju táyà lọ lójú ọ̀nà.

Ẹnì kẹta wa ni Àǹtí Dúpẹ́, ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni tó ń fi bírò pupa wá àṣìṣe inú iṣẹ́ wa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ààyè rẹ̀. Ọ̀gá Wọlé ló dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un: á gbé pákó pẹlẹbẹ lé itan, á tẹ́ ìwé funfun lé e, á sì máa fi bírò fa ìlà kan lọ gbọọrọ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Bí ọkọ̀ bá tu èèyàn lára, ìlà náà á tọ́. Bí kò bá tù ú, ẹ ó rò pé adìyẹ ló tata sórí ìwé. Olówó lè purọ́ fún wa nípa ọkọ̀ tó fẹ́ tà, àmọ́ ìlà Àǹtí Dúpẹ́ kì í purọ́.

Inú Àǹtí kò dùn sí iṣẹ́ yìí rí. "Ọ̀gá Wọlé, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ Jésù lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run tí wọ́n bi mí, ilé yín ní Òṣòdì ni mo máa júwe fún wọn."

Ọjọ́ tí a bá wà nínú ọkọ̀ pupa ló máa ń burú jù fún un. Ọkọ̀ náà le bí àga onípákó. Kò ní éésì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù. Sitiárìn rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí apá á máa ro ẹni tó bá wà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti di sitiárìn yẹn mú, yóò máa bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ̀n díẹ̀ bí iyanrìn bá wà lójú títì. Ó ń rọ̀ bí omi bá wà níbẹ̀. Ọwọ́ yín á ti mọ̀ kí ojú yín tó rí i. Bí ẹ bá sì já a wọ kọ́nà, tí ẹ tẹná sí i bí ó ti ń jáde, ìdí rẹ̀ á yí díẹ̀ bí ìdí oníjó, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín láìmọ ìgbà tí ẹnu ti là.

"Ẹ̀yin méjèèjì iwájú ń rẹ́rìn-ín," Àǹtí Dúpẹ́ á ké láti ẹ̀yìn, "ìdí tèmi ń sunkún!"

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo kọ sínú ìwé ìròyìn, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òǹkàwé. Gbogbo àríyànjiyàn iṣẹ́ wa ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ń wá adùn, ẹni tó wà lẹ́yìn ń wá ìrọ̀rùn, ẹni tó fẹ́ rà á sì ń béèrè bó ṣe lágbára tó. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ló wọ bàtà kan náà yìí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ Jámánì àti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ kò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi: wọ́n dára ju tiwa lọ ní gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ẹ̀rọ wọ̀n. Wọ́n dákẹ́, wọ́n tutù, ìlẹ̀kùn wọn ń pa dé bí ti báńkì, wọ́n sì lágbára. Ìlà Àǹtí Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ọ̀gá Wọlé á wo ìwé náà, á ní, "Ó tọ́ lóòótọ́," á sì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pupa.

Àkókò tóbò ni ìjàǹbá wa ṣẹlẹ̀. Tóbò ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kékeré kó lè lágbára bí ńlá. Oníṣòwò ọkọ̀ kan yá wa ní ọkọ̀ kan tó ní tóbò, tó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ni. Òjò ti rọ̀ lóru, ó ti dá láàárọ̀. Ọ̀gá Wọlé ń wà á, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àǹtí Dúpẹ́ wà lẹ́yìn tòun ti pákó rẹ̀. Inú ọkọ̀ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Ọ̀gá wọ kọ́nà kan kí a tó dé Ìsọlọ̀, bó ṣe ti ń wọ ọ́ láti ọdún pípẹ́. Ọkọ̀ náà kò yí. Ó yọ̀ lọ tààrà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá etí gọ́tà.

Fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé, bó ṣe sọ ọ́: "Mo rí i pé eré yín ti kọjá àlà. Mo tún rí i pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ń wò ó pé, àbí àwọn èèyàn yìí ò mọ̀ ni?"

A kò mọ̀ lóòótọ́. Ara èmi àti Àǹtí kàn bó díẹ̀ ni. Egungun itan Ọ̀gá Wọlé ló dá. Nígbà tí mo lọ wò ó ní ọsibítù, kò bínú, kò ráhùn ìrora. Ohun kan ṣoṣo ló ń tún sọ: "Kò sọ fún mi. Tiwa ì bá ti pariwo. Ì bá ti máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi tipẹ́. Eléyìí kò sọ nǹkan kan fún mi."

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà parí ìròyìn mi, Àǹtí Dúpẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó fi bírò rẹ̀ yí i po. "Kọ tèmi náà mọ́ ọn," ó ní. "Ọkọ̀ yẹn ló gbá gọ́tà, òun náà ló dáàbò bò wá. Ká ní inú páànù pupa yín la wà ni, wọn ì bá ti máa ta aṣọ òkú wa ní Aswani." Mo kọ méjèèjì. Títí dòní, n kò mọ èyí tó tẹ̀wọ̀n jù nínú wọn.

Ìwé tó wà lórí itan rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rí i. Ìlà tó tọ́ jù lọ tó fà rí ni. Ó tọ́ títí dé ibi tó ti já bọ́ kúrò lórí ìwé.

Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Wọlé kò lè tẹ kilọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pupa sí mi láti orí ibùsùn. "Má jẹ́ kó sùn. Máa fi wọn àwọn tó ń bọ̀." Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ló fi ayé sílẹ̀. Èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo sì pa òfin rẹ̀ mọ́: ọkọ̀ tuntun, lẹ́yìn náà ọkọ̀ pupa, kò sí omi mímu.

Gbogbo nǹkan wá ń yí padà bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Táípúráítà di kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà di fóònù. Kaburétọ̀ tó ń da epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, èyí tí mẹkáníìkì ń fi etí yanjú, di ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Jíà ọlọ́wọ́ kúrò nílẹ̀. Sitiárìn fúyẹ́ débi pé ìka kan ti tó láti yí i. Àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìró ẹ́ńjìnnì sínú ẹ̀rọ, wọ́n ń fi gbohùngbohùn lù ú jáde nínú ọkọ̀ kí awakọ̀ lè rò pé òun ń gbádùn. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ wá fi kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀rín sí i fún wa náà.

Olóòtú tuntun pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, agbára ẹṣin mélòó ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ní? Ìyẹn ni òǹkàwé fẹ́."

"Wọ́n tún fẹ́ mọ̀ bóyá ẹṣin náà ṣeé gùn," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹṣin mélòó?"

Mo kọ iye ẹṣin. Bí ìlà Àǹtí Dúpẹ́ ṣe ń tọ́ sí i lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń tán lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọkọ̀ dára. Gbogbo wọn lágbára. Mo lè fi orúkọ ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú ìròyìn mi, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Àárò ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fi òmíràn rọ́pò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí.

Ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí Dúpẹ́ fẹ̀yìn tì, kó tó padà sí Adó, ó bá mi jáde lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ ọtọmátíìkì kan. Mo bi í bó ṣe rí. Ó wo ìlà rẹ̀, ó tọ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà.

"Ó tọ́ o," ó ní. "Àmọ́ oorun gbé mi lọ níbì kan. Ta ni mo fẹ́ bá jà nínú irú èyí?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà. Lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ẹni tó gbà láti gbé pákó lé itan. Ìwé ìròyìn wa náà kú. Mo wálé wá jókòó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń bi mí nípa iṣẹ́, ohun tí mo mọ̀ nìyí. Ẹ̀rọ yín á yí padà, ọ̀gá yín á kú, iléeṣẹ́ yín lè pa dé. Ẹ wá ohun kan tí ẹ ó máa fi wọn gbogbo èyí tó kù, kí ẹ sì gbà kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ta kò yín. Bí ẹ bá rí méjèèjì, iṣẹ́ yín kò ní sú yín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ títà ló kù. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni ọkùnrin kan tó gẹ fìlà rẹ̀ sápá òsì. Ó yí ọkọ̀ pupa po, ó fi ìka kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. "Bàbá, ara rẹ̀ ṣì le. Màá sọ ẹ́ńjìnnì yìí nù, màá gbé tóbò ńlá sí i, màá yí jíà rẹ̀ sí ọtọmátíìkì. Tó bá fi máa fò báyìí, ẹ̀yin gan-an ò ní dá a mọ̀."

Mo ní n kò tà mọ́.

Ìyá Fúnmi tẹ̀ lé mi wọ yàrá. "Bàbá Fúnmi! Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lẹ lé dànù yẹn?"

"Kò fẹ́ ra ọkọ̀. Páálí rẹ̀ ló fẹ́ rà."

"Ẹ lọ fẹ́ ẹ níyàwó nígbà náà. Ṣé orúnkún yín tún wá gbọ́ bẹ́ẹ̀?"

Orúnkún kò gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ń tẹ ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìrora nígbà tí obìnrin kan dé. Bísí lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Oǹdó, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ní Èjìgbò. Ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ tuntun ló gbé wá, olówó iyebíye, èyí tó lágbára ju ọkọ̀ pupa lọ ní ìlọ́po méjì. Mo bi í ohun tó ń wá nígbà tó ti ní irú ìyẹn.

Ó rò ó díẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ mi ò ní àléébù. Àmọ́ ó dà bíi lífíìtì ọsibítù wa. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dé òkè. Mi ò mọ ibi tí mo gbà kọjá."

N kò rò pé mo ti gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu èèyàn láti ìgbà tí mo ti ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló fi pikọ́ọ̀pù kọ́ ọ ní jíà ọlọ́wọ́ ní Oǹdó, ó sì ti pẹ́. Ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níwájú ilé wa, àwọn ọmọ ilé kejì hó. Ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí, màá padà wá gún yín lábẹ́rẹ́." Ó tún un tan. Nígbà tí a dé kọ́nà kan, ó tètè tẹ bíréèkì jù. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó já a wọlé, ó tẹná. Ìdí ọkọ̀ yí. Obìnrin náà hó "Yéè!" bí ọmọdé, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ojú fèrèsé ni mo yí sí.

Nígbà tí a padà dé, ó ń nu òógùn. "Bàbá, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n màá fi éésì sí i o. Èèyàn ò lè jóná torí adùn."

Ọkàn mi lọ sílẹ̀. Éésì á mú kó wúwo. Á gbà nínú agbára ẹ́ńjìnnì. Ìyá Fúnmi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń retí kí n tún lé oníbàárà dànù.

"Ìjókòó rẹ̀ náà, màá ki fóòmù sí i," Bísí ní. "Màmá mi á máa jókòó lẹ́yìn."

"Sitiárìn ńkọ́?" mo bi í.

"Kí ló ṣe sitiárìn?"

"Wọ́n máa sọ fún ọ pé kó o jẹ́ káwọn bá ọ mú un fúyẹ́."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n. "Ṣé òun ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi yẹn? Rárá, Bàbá. Mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ìyẹn."

Mo ní, "Ki fóòmù sí i. Fi éésì sí i. Màmá rẹ ò ṣẹ̀."

Ó ní kí n jẹ́ kóun tún wà á lẹ́ẹ̀kan sí i lóun nìkan, kó lè mọ́ òun lára. Ó gba Ailegun lọ. Mo dúró lẹ́nu géètì, ìyàwó mi dúró tì mí. A kò rí ọkọ̀ náà mọ́, ìró rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ó ń ké lórí jíà kejì, ó ń gòkè, ó ń gòkè.

"Bàbá Fúnmi," ìyàwó mi ní, "kí lẹ ń fi ẹsẹ̀ òsì yẹn tẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Kilọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbẹ̀ ni mo ń tẹ̀. Obìnrin náà kò tíì wọ jíà kẹta.